Ẹ̀yáwó Ìyá Aládìrẹ àti Ọkọ̀ Oníná Tí Kò Dé Abẹ́òkúta

Ní oṣù May 2024, Ìyá Aládìrẹ kò sanwó.

Ẹni tó bá mọ ìyá yìí á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ńlá nìyẹn. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí wọ́n ti wà nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa, wọn ò pa oṣù kan jẹ rí. Kódà lọ́dún kòrónà, tí ọjà Ìtòkú wà ní títì pa, ọmọọṣẹ́ wọn ló gbé owó náà wá bá mi nílé, ó fi ìbòmú bo imú àti ẹnu, ó dúró lókèèrè, ó ju àpòòwé náà sórí pèpéle mi bí ẹni tó ń ju ẹran sí ajá. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́. Gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ló wà nínú ìwé ìpàdé tí mo fọwọ́ ara mi kọ, mo sì tọrọ àyè lọ́wọ́ ìyá kí n tó gbé e síta báyìí. Wọ́n ní kí n máa kọ ọ́ lọ, pé kí n má ṣáà dárúkọ àwọn, kí n má dárúkọ ọmọ àwọn. Èmi náà ló wá wù pé kí n má dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ọmọ náà wà. Ọkọ̀ oníná ni wọ́n ń ṣe, Amẹ́ríkà ni wọ́n wà. Ìyẹn tó.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ẹ̀yáwó náà. Ìyá ní 900,000 náírà lọ́wọ́ wa. Òfin ẹgbẹ́ ni pé ìlọ́po méjì ohun tí èèyàn bá fi pamọ́ ló lè yá, nítorí náà wọ́n yá 1,800,000 ní January 2024. Èlé rẹ̀ jẹ́ 10 nínú 100, a sì pín gbogbo rẹ̀ sí oṣù 18, ó bọ́ sí 110,000 lóṣooṣù. Wọ́n fẹ́ fi kan òrùlé ilé wọn ní Ọbáńtokò kí òjò tó dé. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú ìgbìmọ̀ tó rò pé àdìrẹ nìkan lè máa mú 110,000 sílẹ̀ lóṣooṣù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ra aṣọ funfun, ra aró, ra sódà, tí wọ́n sì ti sanwó fún àwọn aláró. Ọmọ la wò. Ọmọ ń fi 300 dọ́là ránṣẹ́ lóṣooṣù, kì í yẹ̀. Lórí fọ́ọ̀mù, níbi tó ti yẹ ká kọ ibi tí owó yóò ti máa wá, èmi ni mo kọ ọ́: "Òwò àdìrẹ, àti ọmọ ní Amẹ́ríkà." Mi ò bi wọ́n léèrè ohun tí ọmọ ń ṣe ní Amẹ́ríkà. Kò sẹ́ni tó béèrè. Ó dà bí ìgbà tí Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́.

Wọ́n san ti February, wọ́n san ti March, wọ́n san ti April. Ohun tí ìyá kò mọ̀, tí àwa náà kò mọ̀, ni pé iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ọmọ náà láti oṣù February. Owó tí ilé iṣẹ́ fún un nígbà tó ń lọ ló ń gé wẹ́wẹ́ ránṣẹ́ sílé. Nínú oṣù April kan náà, náírà ra ara rẹ̀ padà díẹ̀, dọ́là já wálẹ̀ sí nǹkan bí 1,150, inú gbogbo ayé ń dùn àfi àwọn tó ń gba dọ́là. Nígbà tó di May, kò sí ohun tó kù láti gé mọ́. Ó pe ìyá rẹ̀ lálẹ́, ó sọ òótọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ìyá sọ ni: "Kí lo ṣe fún wọn?"

Ọmọ náà sunkún, ni wọ́n sọ fún mi. Ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Mo ti ro ìbéèrè yẹn lọ, ro ó bọ̀, mi ò sì dá ìyá lẹ́bi. Ẹ gbé e wò ní èdè wa. "Wọ́n lé e níṣẹ́": ẹni tí wọ́n bá lé, ó ti ṣe nǹkan. "Wọ́n dá a dúró": owó ti sọnù níbì kan, wọ́n ṣì ń wádìí. "Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀": ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ó ṣì dà bíi pé ọwọ́ ẹni náà ló ń yọ̀. Ọmọ fi ọ̀rọ̀ òyìnbó kún un, ó ní layọ́ọ̀fù ni wọ́n ṣe fún òun, ìyá sì gbọ́ ọ bí orúkọ àìsàn. Wọ́n bi í bóyá ó ti lo oògùn.

Ọjọ́ Sátidé la pe ìpàdé, nínú yàrá kékeré tá a ń lò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Kútọ̀. Bàbá Alága wà níbẹ̀, ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyá Akápò wà níbẹ̀, tí wọ́n ń ta ìrẹsì Ọ̀fàdà. Olùkọ́ kan wá láti Pólì, ọmọ ẹgbẹ́ wa ni. Àwọn onídùúró méjèèjì náà wá. Ọ̀kan jẹ́ bàbá àgbà tó ti ṣiṣẹ́ ìjọba rí. Èkejì jẹ́ rìwáyà, ó ń tún iná mọ́tò ṣe ní Ìta-Ọ̀ṣìn, kò tíì pé ogójì ọdún, òun lẹ̀rù sì ń bà jù, torí tí ìyá kò bá san, owó tiẹ̀ la máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn.

Ìyá jókòó sẹ́bàá ẹnu ọ̀nà bí àlejò. Wọ́n mú lẹ́tà kan dání, lẹ́tà tí ilé iṣẹ́ kọ sí ọmọ wọn, tí òun fi ránṣẹ́ sórí fóònù, tí wọ́n lọ tẹ̀ jáde ní Sàpọ́n. Bàbá Alága kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n yọ awò ojú wọn.

"Ìyá, ẹ má bínú o. Ilé iṣẹ́ Elon Musk, ọ̀kan lára àwọn tó lówó jù láyé, ló wá ní òun kò rówó san fún ọmọ yín?"

"Bàbá, ti ọkùnrin yẹn kọ́," ni mo sọ. "Ilé iṣẹ́ mìíràn ni."

"Akọ̀wé, ṣé Tesla kọ́ lọkọ̀ oníná ni?"

Ẹ má rẹ́rìn-ín wọn. Nílẹ̀ wa níbí, gbogbo ọṣẹ oníyẹ̀fun ni Ómò, gbogbo núdùlù ni Indomie, gbogbo ọkọ̀ tí kì í mu epo sì ni Tesla. Mo mọ ibi tí Bàbá ti gbọ́ ìròyìn. Ọjọ́ 15 April ọdún yẹn ni Elon Musk kọ̀wé sí àwọn òṣìṣẹ́ Tesla pé òun yóò dín wọn kù, ó lé ní 10 nínú 100, nígbà tí iye òṣìṣẹ́ wọn káàkiri ayé lé ní 140,000. Ní Austin tó wà ní Texas nìkan, orúkọ àwọn tó kàn jẹ́ 2,688. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ó tú ẹ̀ka tó ń bójú tó ibùdó ìgbanásọ́kọ̀ ká, nǹkan bí 500 èèyàn, kó tó tún wá pe díẹ̀ nínú wọn padà. Àárín ọjọ́ wọ̀nyẹn náà ni ilé iṣẹ́ yìí ń bẹ àwọn onípìn-ín pé kí wọ́n dìbò fún owó iṣẹ́ Musk, bílíọ̀nù 56 dọ́là, tí adájọ́ kan ní Delaware ti wọ́gi lé ní January. Inú WhatsApp ẹgbẹ́ àwọn ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì ni gbogbo ìyẹn ti dé ọ̀dọ̀ Bàbá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹni tó ń béèrè bílíọ̀nù 56 fún ara rẹ̀ kò lè sọ pé òun kò ní owó oṣù ọmọ ìyá kan láti Ìtòkú. Ilé iṣẹ́ ni Bàbá ṣì. Ìbéèrè wọn kò burú.

Mo ṣàlàyé pé kì í ṣe ilé iṣẹ́ ọkọ̀ oníná kan ṣoṣo ló ń dín òṣìṣẹ́ kù. Ní January, Polestar ti sọ pé àwọn yóò yọ nǹkan bí 450. Ní February, Rivian yọ ẹni 10 nínú 100 lára àwọn tó ń gba owó oṣù. Ìpàdé wa kò tíì tutù tán nígbà tí Lucid náà kéde nǹkan bí 400. Ní June, Fisker lọ kéde ní kóòtù pé gbèsè ti wọ àwọn lọ́rùn. Ọdún náà kò dára fún oníṣẹ́ ọkọ̀ oníná, ibi yòówù kó ti máa ṣe é.

Bàbá Alága ṣì ń mi orí. Onídùúró àgbà ló gba ọ̀rọ̀ náà sọ, bàbá kan tí kì í sábà sọ̀rọ̀ ní ìpàdé.

"Lọ́dún 1984, nígbà tí ìjọba ológun ń gé òṣìṣẹ́, mo dé ọ́fíìsì láàárọ̀, mo bá orúkọ mi lára ògiri. Mi ò jalè. Mi ò pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Ọdún méjì gbáko ni ìyàwó mi fi ń bi mí pé kí ni mo jí, pé kí n sọ ọ́, òun ò ní bínú."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ìyá Aládìrẹ kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n wọ́n gbé orí sókè. Bàbá náà wá sọ gbólóhùn tí mo kọ sínú ìwé: "Wọ́n dín òṣìṣẹ́ kù, ó sì kàn án." Láti ọjọ́ yẹn, bí ìyá ṣe ń sọ ọ́ fún àwọn èèyàn wọn nìyẹn. Ó kàn án. Bí ìbò ṣe ń kan èèyàn.

Ìyá Akápò ni wọ́n béèrè ohun tó yẹ ká ti béèrè látìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí wọ́n ń dín èèyàn kù? Ṣé wọn ò ra mọ́tò náà mọ́ ni?"

Wọ́n ń rà á. Àmọ́ kò yá tó bí àwọn tó ń ṣe é ṣe ti múra sílẹ̀ fún un. Tesla fúnra rẹ̀, tó jẹ́ ọ̀gá wọn, kó ọkọ̀ 386,810 fún oníbàárà láàárín oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2024. Irú àkókò yẹn lọ́dún tó ṣáájú, 422,875 ni. Bẹ́ẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ló ti ń já owó ọkọ̀ wálẹ̀. Olùkọ́ Pólì ló ṣàlàyé èyí tó kù, ó sì ṣe é bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ọjà: tí oníṣòwò ńlá bá já owó wálẹ̀, kékeré kò lè dúró, á já tiẹ̀ náà, á máa tà á ní àdánù, á sì wá ibi tí òun yóò ti gé ìnáwó, ènìyàn ló sì máa ń kọ́kọ́ gé. Ní Amẹ́ríkà, èlé owó yíyá ti gòkè, mọ́tò sì rèé, ẹ̀yáwó ni ọ̀pọ̀ wọn fi ń rà á. Àwọn tó máa ń fẹ́ kọ́kọ́ ní ohun tuntun ti rà á tán. Àwọn tó kù ni àwọn tó ń wò ó, tó ń béèrè pé níbo ni màá ti gbaná, èló ni wọ́n á gbà tí wọ́n bá kọ lù mí. Ní January 2024, Hertz tó ń fi mọ́tò háyà sọ pé òun máa ta nǹkan bí 20,000 nínú ọkọ̀ oníná òun, torí àtúnṣe rẹ̀ wọ́n, iye rẹ̀ sì ń já lulẹ̀. Nínú oṣù yẹn náà, òtútù mú ní Chicago débi pé àwọn onímọ́tò tò sí ibùdó ìgbaná fún wákàtí gígùn, bátìrì ń kọ̀ láti gbaná. Gbogbo Amẹ́ríkà ló rí fídíò rẹ̀.

"Ṣáínà ńkọ́?" ni Ìyá Aládìrẹ bi wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa sọ̀rọ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni, Ṣáínà wà níbẹ̀. Ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn 2023, BYD, ilé iṣẹ́ Ṣáínà, ta ọkọ̀ oníná ju Tesla lọ, 526,409 sí 484,507. Owó tiwọn kéré. Ní May yẹn gan-an ni Ààrẹ Biden sọ pé owó ibodè lórí ọkọ̀ oníná Ṣáínà yóò kúrò ní 25 nínú 100, yóò di 100, kí wọ́n má bàa wọlé. Ìyá ní kò sí ohun tí a tún fẹ́ ṣàlàyé fún àwọn mọ́. Ẹni tó bá jókòó ní Ìtòkú, tó ń fi ìyẹ́ adìẹ ya ẹ̀kọ lára aṣọ fún ọjọ́ méjì, tí ó wá rí i tí ẹnìkejì já bélì àdìrẹ tí ẹ̀rọ tẹ̀ ní Ṣáínà sílẹ̀, tó ń tà á ní ìdajì iye tirẹ̀, kò nílò olùkọ́ Pólì. Wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Wọ́n fi Ṣáínà ṣe é bí wọ́n ṣe fi ṣe mí." Mo rò pé ọkàn wọn balẹ̀ sí ọmọ wọn láti ibẹ̀, ju ti lẹ́tà àti ti bàbá 1984 lọ.

Ìgbà náà ni wọ́n gbé ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kalẹ̀.

Ọmọ ní ọkọ̀ oníná kan, ilé iṣẹ́ rẹ̀ ló ṣe é, ó rà á lọ́dún 2022 ní ẹ̀dínwó òṣìṣẹ́. Ó ti ń pinnu láti fi ránṣẹ́ sílé kó tó di pé nǹkan bàjẹ́. Kódà wáyà tí wọ́n fi ń gbaná sí i ti ṣáájú dé, inú dúrọ́ọ̀mù tó fi kó ẹrù ránṣẹ́ ní December 2023 ni wáyà wà, láàárín ọṣẹ àti bàtà. Ìyá ní kí ọkọ̀ wá, kí ẹgbẹ́ tà á, kí á yọ owó wa.

Rìwáyà fò dìde. "Ìyá, ẹ dákun, ẹ má gbé e wá o."

Mi ò rò pé ọ̀lẹ ló ń ṣe é tàbí àìmọ̀. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní bátìrì mọ́tò tí òun ń tú lójoojúmọ́, fóòlítì 12 ni, kò lè pa eku. Ti ọkọ̀ oníná tó nǹkan bí 400, ẹni tó bá ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láìmọ̀dí, ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá rẹ̀ ló ń lọ. Òun kò ní ìbọ̀wọ́ rẹ̀, òun kò ní ẹ̀rọ tí yóò bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ sọ̀rọ̀, òun kò sì mọ ẹnikẹ́ni ní Ìta-Ọ̀ṣìn tó ní in. "Tó bá kú sọ́nà, ojú gbogbo wa ni yóò máa wò ó."

Ìgbìmọ̀ ní kí n lọ tọ pinpin ọ̀rọ̀ náà kí á tó pinnu. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi rìn. Mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ta tòkunbọ̀, mo dé gáréèjì Láfẹ́nwá, mo dé Pańṣẹ́kẹ́, mo béèrè lọ́wọ́ gbogbo ẹni tí mo rò pé ó lè rà á tàbí tà á. Olówó mọ́tò kan ní tí mo bá fún òun lọ́fẹ̀ẹ́, òun á kọ́kọ́ béèrè ẹni tí òun á tà á fún. Awakọ̀ kan tó ń ná Abẹ́òkúta sí Ṣágámù ní, "Tí iná bá tán nínú rẹ̀ ní Kọ́bàpẹ́ ńkọ́? Epo, mo lè gbé kẹ́ẹ̀gì." Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò bi mí bóyá kò ní gbé èèyàn tí òjò bá rọ̀, mo sọ fún un pé kì í gbé èèyàn, kò gbà. Èyí tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni ti bàbá kan ní Ìjẹmọ̀, ó ní ọkọ̀ tí kì í dún kò yẹ Abẹ́òkúta, ewúrẹ́ kò ní gbọ́ ọ, ó sì mọ iye tí àwọn olówó ewúrẹ́ ń bù fún èèyàn. Nígbà yẹn sì rèé, epo ṣọ̀wọ́n ní ìlú, ìlà mọ́tò gùn láti ilé epo dé títì. Orí ìlà epo gan-an ni mo ti bá méjì nínú wọn tó ń sọ fún mi pé epo ló dá àwọn lójú.

Gbogbo ọ̀nà ló sì ń já sí iná. Iná mànàmáná. "Iná dà?" Ìbéèrè yẹn nìkan ni mo gbọ́ lẹ́nu gbogbo wọn, bíi pé wọ́n jọ pàdé sọ ọ́.

Olùkọ́ Pólì kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ kú bẹ́ẹ̀. Ó gbé bírò. Ó ní ká sọ pé bátìrì ọkọ̀ náà gba kílówáàtì-wákàtí 60. Láti April, ẹni tó wà lórí Bándì A, tó yẹ kó máa rí iná wákàtí 20 lójúmọ́, ń san 225 náírà lórí kílówáàtì-wákàtí kan. Ní May wọ́n dín in sí 206.80. Láti kún ọkọ̀ náà, 12,408 náírà. Yóò rin nǹkan bí kìlómítà 350. Mọ́tò epo tó ń rin kìlómítà 10 lórí lítà kan á mu lítà 35. Tí a bá fi lítà sí 700 náírà, 24,500 nìyẹn. Ìdajì owó ni, ó sì lé díẹ̀. Ẹnu ya Bàbá Alága, àní wọ́n ní ká tún un ṣe.

Ìyá Akápò bi í léèrè Bándì tí Ọbáńtokò wà, ní ti àdúgbò ìyá. Bándì A kọ́. Ìṣirò kejì bẹ̀rẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé lásán kò lè fún ọkọ̀ ju nǹkan bíi kílówáàtì mẹ́ta lọ ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí 20 ni ọkọ̀ á fi kún láti òfo. Ní ibi tí iná bá ń wá fún wákàtí mẹ́jọ, tó sì jẹ́ òru ni díẹ̀ nínú rẹ̀, tó tún ń lọ tó ń bọ̀, ọjọ́ mẹ́ta. Rìwáyà ní jẹnẹrétọ̀ ńkọ́, ó ń fi olùkọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Olùkọ́ ṣe é fún un: jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a ń pè ní "Ó-sàn-ju-ti-aládùúgbò-mi", tí ó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, ọjọ́ mẹ́rin ó dín díẹ̀. Epo tó máa jó á tó gbé mọ́tò lásán dé Èkó lẹ́ẹ̀mẹta. Sólà lè ṣe é, olùkọ́ gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n iye pánẹ́ẹ̀lì tó máa nílò, ẹni tó bá lè rà á kì í yá 1,800,000 lọ́wọ́ wa.

Mo rò pé ibí lọ̀rọ̀ náà wà. Ìṣirò àkọ́kọ́ tọ̀nà. Ìṣirò kejì náà tọ̀nà. Àwọn èèyàn tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Láfẹ́nwá kò ṣe ìkankan nínú méjèèjì, wọ́n sì dé ibi tí ìkejì dé. Ohun tó ń dùn mí ni pé àwa kan náà, ìgbìmọ̀ kan náà, kò béèrè ìbéèrè kankan ní January nígbà tí a ń fi owó ọkọ̀ yìí dúró fún ẹ̀yáwó. Dọ́là tí ọkọ̀ oníná ń mú wá, a gbà á gbọ́ láìwo ẹ̀yìn. Ọkọ̀ oníná fúnra rẹ̀, a ní kó má dé ọ̀dọ̀ wa. Tí àwọn tó wà ní Amẹ́ríkà bá ń ṣiyèméjì láti rà á, ẹni tó ń ṣe é níbẹ̀ ló máa kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, ẹni tó ń retí owó rẹ̀ ní Ìtòkú ló tẹ̀ lé e, èyí tó kẹ́yìn ni àwa tó yá a lówó. Okùn kan ṣoṣo ni. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ jìnnà, a kò rí i.

Lẹ́yìn gbogbo làálàá yẹn, a pe ọmọ náà lórí fídíò nínú ìpàdé kejì. Ó dọ̀bálẹ̀ lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ̀, gbogbo wa rí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Bàbá Alága ní kó dìde, wọ́n bi í bóyá ìwé rẹ̀ pé, ó ní ó pé, kò sẹ́ni tó máa lé e kúrò nílùú. Wọ́n ní kó ṣàlàyé ọkọ̀. Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló sọ ọ́: báńkì ló fi ra ọkọ̀, ìwé ọkọ̀ wà lọ́wọ́ báńkì, gbèsè tó kù lórí rẹ̀ sì ti ju iye tí ẹnikẹ́ni lè rà á lọ, torí pé ilé iṣẹ́ ń já owó tuntun wálẹ̀, ti àlòkù náà ń bá a ṣubú. Bó bá tà á, òun ló máa fi owó lé e.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi jiyàn lórí ọkọ̀ tí kì í ṣe tirẹ̀. Rìwáyà ní, "Ẹ ṣeun, Ọlọ́run." Ó sọ ọ́ jáde ketekete.

Ìpinnu wa kò pẹ́. Nínú 1,980,000, ìyá ti san 330,000. Ó ku 1,650,000. A fagi lé owó ìtanràn oṣù May, a tún un pín sí oṣù 30, 55,000 lóṣù, bẹ̀rẹ̀ láti June. Ìyá Akápò fẹ́ kí á fi èlé díẹ̀ lé e torí pé náírà January kì í ṣe náírà ọdún 2026, òótọ́ sì ni. Ìdìbò mẹ́ta sí méjì ni a fi kọ̀ ọ́, èmi wà lára àwọn mẹ́ta. Mi ò tíì mọ̀ bóyá ó yẹ bẹ́ẹ̀. Owó tí a dárí rẹ̀ jì jẹ́ owó àwọn tó ń ta ata àti gaàrí. Ohun tó dá mi lójú ni pé àwa la kọ "ọmọ ní Amẹ́ríkà" sórí fọ́ọ̀mù, ìyá kọ́.

Ìyá san ti June, July àti August láti inú àdìrẹ. Wọ́n dá ọmọọṣẹ́ kan dúró, ìyẹn ni pé ó kan òun náà. Òrùlé kò parí. Òjò rọ̀ sórí àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà, ó sì di òkúta.

Ní August, ọmọ rí iṣẹ́ mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń to bátìrì ńláńlá tí ìlú fi ń tọ́jú iná pamọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ kan náà ni, kò sí táyà lábẹ́ rẹ̀ ni. Ó ti ta ọkọ̀ náà, ó fi owó lé e bó ṣe sọ. Ní September ó fi 400 dọ́là ránṣẹ́, dọ́là ti dé 1,600 nígbà yẹn, 640,000 náírà ni, ìyá sì gbé gbogbo rẹ̀ wá láìyọ kọ́bọ̀. Ó ku 845,000. Láti October wọ́n padà sí 55,000.

Mo ti fi fọ́ọ̀mù tuntun ṣe. Ìlà mẹ́ta ti wọlé níbi tí owó yóò ti máa wá: ta ni, iṣẹ́ wo, kí ni ilé iṣẹ́ náà ń tà. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ń kùn pé ó ti pọ̀ jù. Obìnrin kan bi mí pé kí ló kàn mí nínú ohun tí ilé iṣẹ́ àbúrò òun ń tà ní Kánádà.

Bàbá Alága ṣì ń mú ìròyìn Tesla wá fún mi. Lọ́dún 2025 wọ́n wá fi hàn mí lórí fóònù bí àwọn èèyàn ṣe ń dáná sun ọkọ̀ náà ní Amẹ́ríkà, nígbà tí Musk wà nínú ìjọba Trump, tó ń dín òṣìṣẹ́ ìjọba kù. Bí àwọn mìíràn ṣe lẹ ìwé mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ pé àwọn ti rà á kí orí ọkùnrin náà tó dàrú. Bí Trump ṣe tò wọ́n síwájú White House ní March, tó ní òun ra ọ̀kan. Ní January ọdún náà, Tesla tí wọ́n tà ní Yúróòpù fi nǹkan bí 45 nínú 100 dín sí ti ọdún tó ṣáájú. Bàbá ní àwọn ò rí i kí èèyàn sun mọ́tò torí ẹni tó ni ilé iṣẹ́ rí. Onídùúró àgbà ní ẹ̀yin ò sí níbí nígbà wẹ́tíẹ̀ nìyẹn, rògbòdìyàn ìṣèlú 1965, wọ́n sun ju mọ́tò lọ.

Ìyá san 55,000 títí di December 2025. Ní January 2026, wọ́n mú 20,000 tó kù wá, wọ́n fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ ọ̀pá méjì tì í lẹ́yìn fún ìyàwó mi. Mo kọ "ó parí" síwájú orúkọ wọn.

Wáyà ìgbaná náà wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù wa. Ìyá ló gbé e wá ní May 2024, wọ́n ní ká fi ṣe ìdógò títí nǹkan á fi dáa, a kò sì lè kọ̀ ọ́ lójú wọn. Rìwáyà ti yẹ̀ ẹ́ wò: ti Amẹ́ríkà ni ẹnu rẹ̀, kò bá sọ́kẹ́ẹ̀tì wa mu. Nínú ìwé ohun ìdógò, mo kọ ọ́ sí ìlà 14: "Wáyà kan, dúdú, gígùn." Mo fi àyè iye rẹ̀ sílẹ̀ lófo. Nígbà tí ìyá sanwó tán, mo ní kí wọ́n gbé e lọ, wọ́n ní kí n jẹ́ kó wà níbẹ̀ ná, ọmọ ní òun tún ń wo ọkọ̀ kan.